Ẹni Tó Sọ Ìyá Aloi Di Èèyàn Pupa

Ẹ dá a dúró ná. Skola, jọ̀ọ́, dìde lórí eékún yẹn. Bàbá Kamilus, mo tọrọ gáfárà, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ìpàdé òní, mo sì mọ̀ pé kò yẹ kí irú mi já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ kí obìnrin yìí bẹ̀bẹ̀ tán, tí ẹ sì gba ẹlẹ́dẹ̀ tó fà wá láti fi bẹ ẹbí, ọ̀rọ̀ náà parí nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó tún máa ṣí i wò mọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tó fẹ́ torí rẹ̀ tọrọ àforíjì yìí kì í ṣe tirẹ̀. Tèmi ni. Èmi Polikap, ọmọ Gregoria tó ń hun apẹ̀rẹ̀ létí òkun, èmi tí gbogbo erékùṣù Buka ń pè ní oníná, èmi ni mo ṣe é. N óò sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti gbìyànjú láti jẹ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi mí rẹ́rìn-ín.

Ẹ ò rí nǹkan? Mo lọ bá Fáàdá ní Brisbane, mo kúnlẹ̀, mo ní, Fáàdá, mo tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú obìnrin kan nínú fíìmù ju bó ṣe yẹ lọ. Fáàdá bi mí pé ṣé ìhòòhò ni obìnrin náà wà. Mo ní rárá o, ó wọṣọ, ó ń sunkún ni. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà nínú ìmọ́lẹ̀?" Ó ní kí n lọ ka Mo Kí Ọ Màríà kan, kí n sì máa sùn dáadáa. Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n fa aṣọ ìkélé yẹn ya. Mo sọ fún ìyàwó mi, òun náà ní, "Ṣé ohun tí o kò torí ẹ̀ jẹun nìyí?" Bí mo bá jí adìẹ, gbogbo ayé ló mọ orúkọ ohun tí mo ṣe. Bí mo bá gba ìyàwó oníyàwó, ó lórúkọ. Èyí kò lórúkọ. Nítorí náà mo ní láti kọ́kọ́ kọ́ yín ní iṣẹ́ mi díẹ̀, kí ẹ tó lè mọ bí mo ṣe burú tó, ọ̀rọ̀ yìí sì ti sú mi kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọdé tó jókòó sórí ẹní yẹn, ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré ló ń pa wá lẹ́kún nínú fíìmù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí òṣèré tó la ẹnu, ìmọ́lẹ̀ ti sọ ọ́ tán. Ẹ wo ìyá yín láàárọ̀ nígbà tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí oòrùn kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkàn yín á balẹ̀. Ẹ wá wo ojú kan náà nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ tó ń fẹ́ná, tí iná ń ti ìsàlẹ̀ tàn sí i lágbọ̀n, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rántí gbogbo ohun tí ẹ ti bà jẹ́ látàárọ̀. Ìyá kan náà ni. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé ló yàtọ̀. Àwọ̀ ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ tó rí bí oyin ń sọ fún èèyàn pé ilé tòrò, oúnjẹ wà. Èyí tó rí bí eérú, tó fẹ́ fi díẹ̀ jọ aró, ń sọ pé ẹnì kan ti lọ tí kò ní padà. A kì í sọ ọ́ jáde. Ẹni tó ń wòran kò tilẹ̀ mọ̀ pé a ń bá òun sọ̀rọ̀, omi á kàn máa bọ́ lójú rẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. N kò lè sọ pé àìmọ̀kan ló mú mi.

Nílé ẹ̀kọ́ tí mo lọ ní Brisbane, páálí kan ni wọ́n fi ń kọ́ wa. Àwòrán obìnrin òyìnbó kan wà lára rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ojú rẹ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n gbogbo ojú ayé. Bí ojú tìrẹ bá dúdú ju tirẹ̀ lọ, wọ́n á ní ìmọ́lẹ̀ kò tó, kí o dà á sí i. Mo dà á títí. Bí a bá sì da ìmọ́lẹ̀ lé èèyàn dúdú bíi tiwa bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń rí bí ẹni tí wọ́n da eérú lù. Mo bínú, mo bá olùkọ́ jà, mo lọ sunkún nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tó yá ni mo rí ọ̀nà ẹ̀ fúnra mi. Awọ dúdú kò fẹ́ kí a da ìmọ́lẹ̀ lé òun lórí, ó fẹ́ ohun tí yóò máa dán lára òun ni. Fi òróró àgbọn pa á, ta aṣọ funfun kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kékeré kan kọ lu aṣọ yẹn kó tó dé ara rẹ̀. Adúmáadán á jáde. Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

Nígbà tí Skola fẹ́ ṣe fíìmù nípa àwọn ọdún ogun, èmi ló kọ́kọ́ pè. Ìtàn ìyá kan ni, tí àwọn sójà pupa pa ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà, n kò ní láti sọ fún yín ohun tí à ń pè ní èèyàn pupa níbí. Àwa dúdú bí èédú, àwọn tó gbé ìbọn wá bá wa kò dúdú bẹ́ẹ̀, àwọ̀ nìkan la fi ń mọ ẹni tí a óò sá fún. Skola kò wá òṣèré lọ. Ó lọ bá Ìyá Aloi, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó tọ́ ọ pọ̀ mọ́ Emerensia ọmọ tirẹ̀ bí ọmọ inú kan náà. Wọ́n pa Aloi lóòótọ́. Ilé jó, kò sì sí àwòrán ọmọkùnrin náà kan ṣoṣo tó kù. Ìyá Aloi kọ̀ títí. Nígbà tó gbà, ó ní àdéhùn kan ni òun fẹ́ bá Skola ṣe: ẹ̀ẹ̀kan ni òun máa sunkún yẹn, kí kámẹ́rà múra sílẹ̀, torí òun ò ní sun ún lẹ́ẹ̀kejì fún ẹnikẹ́ni.

Inú ilé ìdáná ni a ti yà á. Mo fi òróró pa á lójú fúnra mi, ó ń bú mi pé ọwọ́ mi le, ṣé ẹja ni mo fẹ́ yan ni. Ẹni tó di kámẹ́rà mú gbé mítà tó ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ sí i lójú, ó ní mítà sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní àwọn tó máa wò ó kò ní rí i. Skola dá a lóhùn. "Jẹ́ kí wọ́n na ọrùn," ló wí. "Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹkún ìyá mi, kó sún mọ́ ọn." Ìyá Aloi sì sunkún náà. Nígbà tó tán, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kí a pa kámẹ́rà, ó ń ṣiṣẹ́ lásán títí. N kò tíì ṣe ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, n kò sì ní ṣe irú ẹ̀ mọ́.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Sydney wá ní àwọn fẹ́ ra fíìmù náà. Ọkùnrin wọn kò pe Skola, èmi ló pè. Ó ní fíìmù yìí wu àwọn gan-an, ṣùgbọ́n níbi tí obìnrin yẹn ti ń sunkún, òkùnkùn lásán ni àwọn rí. Àwọn èèyàn á rò pé tẹlifíṣọ̀n wọn ló bàjẹ́. Ó ní òun gbọ́ pé Skola olórí kunkun ni, pé òun fẹ́ bá ẹni tó lóye sọ̀rọ̀. Ó wá fi kún un wẹ́rẹ́ pé àwọn ń wá olórí oníná fún iṣẹ́ àwọn tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára mi, kì í ṣe àwáwí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fa wáyà fún àwọn tí n kò kéré sí lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n á bi mí ní ìbéèrè, wọ́n á lo ìdáhùn mi, wọ́n á wá ní kí n lọ gbé kọfí wá. Ó ti sú mi, ó ti rẹ̀ mí, inú ń bí mi sí gbogbo ayé. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé mo gbọ́. Ojo ni mí, olójú kòkòrò sì ni mí.

Yàrá kan tó ṣókùnkùn ni a ti ń tún àwọ̀ fíìmù ṣe, ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ní àwọn bọ́ọ̀lù tí a ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí. Ọmọkùnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Trent ló ń yí i. Skola ló yẹ kó jókòó tì í, ṣùgbọ́n oyún ti wú u lẹ́sẹ̀, dókítà ní kó má kúrò ní Buka. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé, "Polikap, ojú rẹ ni ojú mi." Trent kò mọ nǹkan kan nípa wa, ó sì mọ̀ pé òun kò mọ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ lo mọ àwọn èèyàn ẹ. Tó bá ti tó, sọ̀rọ̀, kí n dúró." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Aró inú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Oyin wọlé. Ojú Ìyá Aloi ń gòkè bọ̀ láti inú òkùnkùn, ó kúrò ní dúdú, ó ń pọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, n kò ní kó dúró. Trent yíjú sí mi, ó ní, "Ó ti fẹ́ di ẹlòmíì o." Ẹ gbọ́ mi dáadáa: òyìnbó tí kò tíì tẹ erékùṣù yìí rí ló rí i. Èmi ọmọ Gregoria ní kó máa yí i lọ. Nígbà tó parí, kò sí ọ̀fọ̀ kankan lójú náà mọ́. Ó wá rí bí obìnrin tó ń dúró de kí kókò orí iná òun jinná. Nígbà tí Skola pè láti béèrè bó ṣe rí, mo ní bó ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́ ló rí. Ó fọwọ́ sí i nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi.

Ẹ̀yin náà wà ní pápá ilé ìjọsìn nírọ̀lẹ́ tí a fi fíìmù náà hàn. Ìyá Aloi jókòó síwájú, ó ti fi òróró pa irun, Emerensia wà lápá ọ̀tún rẹ̀, Skola gbé ọmọ tuntun sí itan lápá òsì. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Wọ́n pa ọmọ náà nínú fíìmù. Ojú obìnrin yẹn wá yọ lára aṣọ funfun tí a ta láti fi wòran, ó tóbi, ó ń tàn, ó pupa. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn ní, "Ta ni obìnrin pupa yìí?" Ẹlòmíì dá a lóhùn pé, "Ìyá sójà ni." Ẹ̀rín sì bẹ́. Àwọn kan nínú yín rẹ́rìn-ín níjọ́ náà, mo ń wò yín láti ibi ẹ̀rọ. N kò dá yín lẹ́bi. Ẹ rí ọmọ dúdú tí wọ́n pa, ẹ wá rí obìnrin pupa tó ń sunkún, ìyá ta ni kí ẹ wá pè é? Mo yí gbogbo ìtàn náà po. Ẹkún ẹni tí wọ́n pa lọ́mọ di ẹkún ìyá apànìyàn. Ìyá Aloi kò pariwo. Ó ní, "Èmi kọ́ nìyẹn," ó dìde, ó fa aṣọ borí. Skola sáré tẹ̀ lé e. Mo wà nítòsí, mo gbọ́ ohun tó sọ fún un. Ó ní, "Ẹkún Aloi ni mo fún ọ. O sì lọ gbé e fún ìyá àwọn tó pa á."

Emerensia, jẹ́ kí n parí, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì Skola bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní àwọn ará Sydney ló lọ bà á jẹ́ lẹ́yìn wa. Ó gbà mí gbọ́. Mo ní kó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹbí, ó kọ̀. Ó ní, "Èmi ni mo fọwọ́ sí i láìwò ó. Tí mo bá wá ń dárúkọ àwọn ẹlòmíì fún ìyá mi, ojú á tún tì mí sí i." Ẹ ní ó ta àwọ̀ ìyá rẹ̀ fún òyìnbó, ó dákẹ́. Láti ìgbà yẹn kò fọwọ́ kan kámẹ́rà mọ́, obìnrin tó mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti Sydney. Mo ti gba iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú jù. Ó ṣì kù. Nígbà tí àìsàn dá Ìyá Aloi dúbúlẹ̀, Skola wọkọ̀ òfuurufú wá bá mi, ó gbé ọmọ rẹ̀ dání. Àwòrán àkọ́kọ́, bó ṣe jáde nínú kámẹ́rà, wà lọ́wọ́ mi nínú àpótí kékeré kan tí à ń tọ́jú fíìmù sí, tí kò ju ìwé àdúrà lọ. Ọ̀kan ṣoṣo yẹn ló wà. Ó ní kí n fún òun, òun fẹ́ gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá òun, kó rí ara ẹ̀ kó tó lọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé bó bá fi méjèèjì wé ara wọn, yóò mọ̀ pé kì í ṣe ará Sydney kan ló ṣe é, pé ẹni tó mọ ojú yẹn bí ẹní mowó ló fọwọ́ yí i. Mo ní omi wọ àpótí náà. Ó ní kí n jẹ́ kí òun wò ó. Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó lọ, mo fi àpótí náà sára ẹ̀rọ, mo wo ẹkún yẹn láti òkè délẹ̀, èmi nìkan. Lẹ́yìn náà mo pa á rẹ́. Mo wá bu iyọ̀ sínú abọ́ omi nílé ìdáná, mo ri àpótí náà sínú rẹ̀, kí irọ́ mi lè di òótọ́. Nígbà tí Skola dé, ó gbé e lọ́wọ́, omi ń kán láti ara rẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú mi nítorí mo ti ya aláìnítìjú pátápátá. Ó gbá mi mọ́ra. Ó ní, "Má sunkún, Polikap. O ti ṣe ohun tí agbára ẹ gbé." Láti ìgbà yẹn ni n kò ti lè sùn.

Ìyá Aloi kú láìrí ara rẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí ẹ ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, Emerensia ti ilẹ̀kùn mọ́ Skola, pé Skola jókòó sẹ́bàá ọ̀nà nínú òjò, ó ń sunkún ìyá rẹ̀ láti ìta. Ẹ fẹ́ mọ ibi tí mo wà lọ́jọ́ náà? Mo ń tan ìmọ́lẹ̀ sí fíríìjì tí wọ́n fẹ́ polówó. Wọ́n fẹ́ kó funfun, kó funfun sí i, mo sì ń dà á lé e lórí. Iṣẹ́ olórí oníná tí mo tìtorí rẹ̀ ta ìyá onìyá nìyẹn. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ẹ ní kí Skola wá fi ẹlẹ́dẹ̀ bẹ̀bẹ̀ lónìí ni mo tó fi iṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀, ó sì yẹ kí n ti fi í sílẹ̀ tipẹ́.

Emerensia, àwòrán náà kò sí níbì kankan mọ́. Orí mi nìkan ló kù sí. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ, kì í ṣe láti fi tù yín nínú, nítorí ẹ̀yin lẹ ni ín. Inú ilé ṣókùnkùn. Ẹ kò rí nǹkan kan ju ẹ̀yinná lọ. Lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀ bí eérú gba ihò ara ògiri wọlé, ó fa ìlà tín-ín-rín kan láti iwájú orí ìyá yín wá sí imú, ó dé àgbọ̀n. Ìyókù ara rẹ̀ ò yàtọ̀ sí òru. Ẹ kò rí ojú rẹ̀, àfi ìgbà tó kún fún omijé. Omi náà mú pupa ẹ̀yinná, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ibi tó bá gbà ni ẹ ti ń mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀. Ẹkún rẹ̀ ló ń fi ojú rẹ̀ hàn yín. Kò nù ún. Ètè rẹ̀ mì, kò sí ohùn, ṣùgbọ́n gbogbo wa tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé Aloi ló pè. Ó dúdú, ó ń dán, kò sẹ́ni tó máa rí i tó máa béèrè pé ìyá ta ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù ya ara yín, tí ẹ sì ń fi ìka fa ojú ara yín kó mọ́ kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ máa bi ara yín léèrè ẹni tí ẹ ń fọ ojú náà fún. Ìkìlọ̀ mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Kamilus, ẹ dá ẹlẹ́dẹ̀ yẹn padà fún un. Èmi á fa tèmi wá. Bí ẹ bá kọ̀ ọ́, ó tọ́ sí mi. Skola, n kò lè wò ọ́ lójú, nítorí náà n kò ní díbọ́n pé mo ń wò ọ́. Emerensia, n kò bẹ̀ ọ́ pé kí o forí jì mí lónìí, o lè má ṣe é láéláé. Ṣùgbọ́n Skola ẹ̀gbọ́n rẹ kò tíì sunkún ìyá yín nínú ilé. Mú un wọlé. Èmi á dúró síta níbí.